Ìda Tó Kù ní Etí Ilẹ̀kùn

Sí Bàbá mi, tí a sin sí ẹ̀yìn ilé ní Duport Road,

Ẹ kú àtijọ́. Ẹ̀yìn páálí bisikíìtì ni mo ń kọ eléyìí sí. Inú ilé ìkẹ́rùsí kan ní èbúté Freeport ni èmi àti Màámi wà, a ń retí ọkọ̀ ojú omi tí yóò kó àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ogun ká mọ́ ìlú yìí lọ sílé. Ọ̀kan lọ lánàá, a ò bá a. Ìdí tí a ò fi bá a ni mo fẹ́ rò fún yín, torí ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yín ò sí mọ́. Ó dáa kí n tètè sọ ìyẹn.

Ṣé ẹ ṣì rántí bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́? Gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, kí ẹ tó lọ kírun, ẹ ó gbé e sí abẹ́ ibòji kí ọṣẹ má baà gbẹ mọ́ ọ̀dà rẹ̀. Apá ọ̀tún ni ẹ kọ́kọ́ ń fọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ tó bọ́ sí òsì, bíi pé ẹ ń ṣe àlùwàlá fún un. Ẹ ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì yín àtijọ́ nù ún gbẹ, ẹ ó ki ìka bọ agolo ìda tí ń mú ọkọ̀ dán, ẹ ó máa fi pa á lára díẹ̀díẹ̀. Ẹ ní atẹ́gùn òkun tó ń fẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù yín ní ọjà Duala ń jẹ irin. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ ó fi gilisẹ́rìn pa rọ́bà etí rẹ̀ kó má baà sán, ẹ ó sì fi ìda pa irin tó wà lábẹ́ rọ́bà náà. Lójú tèmi, àṣejù ni. Ta ni yóò wo ibẹ̀? Ẹ máa ń dá mi lóhùn pé ẹni tí kò fi omi dé àárín ìka kò tíì ṣe àlùwàlá.

Oṣù méje péré ni ẹ lò ó. Jímọ̀ tó kẹ́yìn, ẹ ti nu ara ọkọ̀ tán, ó ku etí ilẹ̀kùn ibi tí Màámi máa ń jókòó, òyì kọ́ yín, ẹ jókòó, ẹ ò dìde mọ́. Ogun ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Àwọn èèyàn ní ẹ kú wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ń bá wọn ṣe àmín.

Nígbà tí ogun dé Paynesville, kò sí ọkọ̀ tó ń dán tí àwọn oníbọn ò gbà. Ẹsẹ̀ Màámi sì ti wú, kò lè rìn dé Freeport, ọkọ̀ yín nìkan la gbójú lé. Togba, aládùúgbò wa tó máa ń bá yín jókòó nírọ̀lẹ́, ló gbà wá nímọ̀ràn pé kí a sọ ọ́ di àlòkù lójú wọn. Mo po ẹrẹ̀, mo fi rẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀. Òjò kan rọ̀, gbogbo ẹrẹ̀ náà yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìda yín ò gbà á. Ọkọ̀ wá ń dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Màámi rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ó wá ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Mo bá fi kẹrosíìnì bó ìda náà, mo fi ọṣẹ sí i, mo fi yanrìn ha á. Apá òsì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ ìdí. Mo ń gbọ́ bí yanrìn ṣe ń ha ọ̀dà, mi ò dúró. Mo fi òkúta fọ́ iná ẹ̀yìn kan. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é, nígbà tí mo sì ṣe tán, ẹ̀yin fúnra yín ò ní dá a mọ̀.

Ó wá ku etí ilẹ̀kùn Màámi. Mo gbé rọ́bà sókè, mo rí ìda yín níbẹ̀, ó ṣì funfun ní igun tí ẹ ò rí nù tán, ìlà ìka yín sì wà lára rẹ̀. Àkísà kẹrosíìnì wà lọ́wọ́ mi. Mo pa ilẹ̀kùn dé. Mi ò ní purọ́ fún yín pé mo gbàgbé.

Ẹ ò bá géètì láyé. Okùn tí àwọn oníbọn ń ta sójú ọ̀nà ni. Mẹ́rin la kọjá, wọ́n ń fi ọkọ̀ wa ṣẹ̀sín, ọ̀kan tiẹ̀ káàánú wa. Ní ìkarùn-ún, wọ́n ní kí Màámi sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n wo abẹ́ ìjókòó. Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa á dé, ó tún un ṣí. Ilẹ̀kùn náà ò dún rárá. Ó gbé rọ́bà, ó fi ìka ra irin abẹ́ rẹ̀, ó wo ìda tó wà lórí ìka náà, ó wá wo ojú mi. Ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì wọn pe àwọn yòókù pé kí wọ́n wá wo ọkọ̀ tuntun tó wọ àkísà. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́. Wọn ò nà wá.

A rìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Màámi ń di èjìká mi mú, kò ráhùn. Nígbà tí a dé èbúté, ọkọ̀ ojú omi ti kúrò, a ṣì ń rí èéfín rẹ̀ lókèèrè. Àwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ èbúté ní òmíràn ń bọ̀, wọn ò mọ ọjọ́. Ẹsẹ̀ Màámi ti ń ṣẹ̀jẹ̀, kò sì sí oògùn níbí.

Láàárọ̀ yìí ni mo jẹ́wọ́ fún un. Mo ní èmi ni mo dá ìda yẹn sí, pé ká ní mo nù ún ni, à bá ti wà lójú omi. Ó ń tú aṣọ tó fi di ẹsẹ̀, kò gbójú sókè. Ó ní, “Mo rí i kí a tó gbéra. Mo fi ọwọ́ kàn án. Mi ò lè ní kí o nù ún.”

Ẹ̀yin lẹ máa ń parí ọ̀rọ̀ láàárín àwa méjèèjì. Ta ló jẹ̀bi? Èmi ni àbí òun? Àbí ẹ̀yin, tí ẹ ò fi ibi kankan sílẹ̀ láìpa ìda rí? Inú ń bí mi sí yín díẹ̀, Bàbá. Ó sì ń wù mí kí n rí yín.

Màámi ń pè mí wá ṣe àlùwàlá. Omi wa ò ju ife kan lọ. Òórùn kẹrosíìnì ṣì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n màá fi omi dé àárín ìka.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín.