Ohun Tí Mo Gbọ́ Nípa Àìsàn Bàbá Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àárò ilé. Mo kí ìyàwó yín àti oyún inú wọn. Ẹsẹ̀ tó ń dun màmá ti fúyẹ́, wọ́n ti padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fa lẹ́tà yìí ya. Olùkọ́ wa ń kọ́ wa pé méjì-méjì ni àbùdá, ohun tí ọmọ ń jogún, wà nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ó wá ṣàpèjúwe àìsàn kan: èèyàn á sún mọ́ ogójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ á máa ju ara rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún láìfẹ́, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, iyè rẹ̀ á sì máa ra. Àfi bí ẹni pé bàbá wa gan-an ló ń ṣàpèjúwe. Àwọn tó pè wọ́n ní ọ̀mùtí parọ́ mọ́ wọn.

Mo bi í pé, "Ṣé ọmọ lè jogún ẹ̀?"

Ó ní, "Àbùdá kan ṣoṣo tó bàjẹ́ ti tó láti fa àìsàn náà. Nínú méjì tí bàbá ní, ọ̀kan ló máa fún ọmọ, kò sì sẹ́ni tó ń yàn án."

Mo lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn. Àbùdá tó bàjẹ́ náà wà lára mi. Àìsàn náà kò tíì mú mi, mi ò sì tíì sọ fún màmá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ tiyín, bí ẹ ò sì fẹ́, mi ò ní bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún ìyàwó yín.

Wọn á bí wẹ́rẹ́, láṣẹ Ọlọ́run. Ẹ pè mí lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀rù ń bà mí, ohùn yín ni mo fẹ́ gbọ́.

Èmi àbúrò yín