Ọgbà Gbígbẹ Tó Yí Táǹkì Bàbá Rẹ Ká

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Chapel,
                                        Trelowan,
                                        Gúúsù Australia.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2025.

Coralie, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà ní erékùṣù yín yẹn? Ṣé ara le? Àwọn ẹyẹ tí wọ́n ní kí o máa kà ńkọ́, ṣé wọ́n ń dúró kí o kà wọ́n, àbí wọ́n ṣì ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́? Tamsin ọmọ wa ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti ga jù ọ́ lọ. Kì í kúkú ṣe iṣẹ́ ńlá, ìwọ náà ò ga. Àwa náà wà níhìn-ín, ooru ni kò jẹ́ ká gbádùn. Des ọkọ mi ní kí n kí ọ. Ó ṣì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, ó sì ṣì ń jiyàn pé òun kì í hanrun.

Mo pe fóònù rẹ títí, obìnrin inú ẹ̀rọ nìkan ló ń dá mi lóhùn. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ní bí mo bá fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ lónìí, á bá ọkọ̀ ojú omi tó ń wá sọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayọ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni.

Kò ṣàìsàn o, fọkàn balẹ̀ ná. Ó ṣì ń jẹun, ó ṣì ń rìn láti òkè òpópónà dé ìsàlẹ̀ láràárọ̀, ó ń wo ojú ilé onílé bóyá ẹnì kan ti kun fèrèsé ní ọ̀dà tí kò yẹ. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí ni ọgbà tó fi yí táǹkì omi rẹ̀ ká.

Láti ìgbà tí iná ọdún tó kọjá ti jó òkè wá dé ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú kó tó kú, kò sẹ́ni tí kò ronú omi ní àdúgbò wa. Bàbá ra táǹkì ńlá kan, ó ra pọ́ǹpù, ó sì fa páìpù lọ sórí òrùlé kó lè máa wọ́n omi sórí páànù nígbà tí iná bá dé. O mọ òfin wa. Ojú ilé gbọ́dọ̀ wà bí àwọn awakùsà tó bí wa ṣe kọ́ ọ, ohun tuntun kankan kò gbọdọ̀ hàn láti ojú títì. O sì mọ ẹni tó lọ bẹ káńsù fún òfin náà, nígbà tí ilé iṣẹ́ kan fẹ́ wó gbogbo ilé wa kó fi ibẹ̀ ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bàbá rẹ ni. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, orí ọ̀dà títì ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí.

Nítorí náà, nígbà tí Philippa, obìnrin káńsù tó ń bójú tó ilé àtijọ́, sọ fún un pé táǹkì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bí ó bá ti lè bò ó mọ́ ojú títì, Bàbá kò jiyàn. Ó ṣe ohun tí àwọn ènìyàn wa máa ń ṣe. Ó kó ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ gbígbẹ, ó dì í mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, ó fi wáyà so ó, ó sì fi yí táǹkì àti pọ́ǹpù ká, ó ga ju orí ènìyàn lọ. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́. Philippa ya fọ́tò rẹ̀. Kó tó pẹ́, gbogbo òpópónà ti ń ṣe irú rẹ̀.

Warrick tó jẹ́ ọ̀gá àwọn panápaná ló kọ́kọ́ figbe bọnu. Ó dúró lẹ́nu géètì Bàbá, ó káwọ́ lérí.

"Bàbá Pascoe, ta ló ní kẹ́ ẹ fi ìdì igi gbígbẹ yí omi ká? Ohun tí iná máa kọ́kọ́ jẹ nìyí o! Pọ́ǹpù yín á ti yọ́ kẹ́ ẹ tó rí ìdí ẹ̀. Wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn."

Bàbá ní, "Warrick, mo ti ń gbé ilé yìí kí wọ́n tó bí ẹ. Òfin ní kí táǹkì má hàn. Ṣé o rí i?"

"Iná ò mọ òfin, Bàbá."

"Èmi mọ̀ ọ́n."

Philippa gan-an gbọ́ ọ, ó sì pè é láti káńsù pé kó tú u ná, pé ìwé á tẹ̀ lé e. Bàbá ní kó jẹ́ kí ìwé ṣáájú. Ìgbìmọ̀ tó lè fọwọ́ sí ìwé náà kò sì ní jókòó títí di oṣù kẹta, ìgbà tí gbogbo ohun tó bá fẹ́ jó ti jó tán.

O lè máa rò pé orí kunkun lásán ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nìkan. Garth Hocking, ọkùnrin tó ra ilé tó dojú kọ tiyín, ra ìlẹ̀kùn irin sójú gbogbo fèrèsé rẹ̀ kí iná má bàa fọ́ dígí. Bàbá rẹ ló fi í sùn ní káńsù. Wọ́n mú un kó yọ ọ́. Ó yọ ọ́ níṣojú gbogbo wa, ó ń jù ú sẹ́yìn ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì gbójú sókè wo ilé bàbá rẹ. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Báwo ni Bàbá ṣe máa wá tú ohun tí káńsù ní kó fi bo táǹkì láìgba ìwé, lójú Hocking?

Ọjọ́ Ìsìnmi tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà kúrò ní àwàdà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìsìn ni. Ẹnì kan ń gé koríko nínú pápá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, abẹ ẹ̀rọ rẹ̀ kan òkúta, ó ṣáná. Ọgbà igi wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì gbiná. Coralie, kí á tó bọ ara wa lọ́wọ́ tán, ọgbà náà ti di iná láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ń ké bí ohun abẹ̀mí. Orí ló yọ wá pé ọkọ̀ panápaná wà nítòsí, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló dúdú. Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa tú tiwa. A ò béèrè lọ́wọ́ káńsù, káńsù náà ò sì bi wá léèrè. Ti bàbá rẹ nìkan ló ṣẹ́ kù.

Hocking fúnra rẹ̀ rékọjá títì lọ bá a. Mo wà lẹ́nu géètì mi, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín tú u. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ irin yẹn."

"Ìwọ lo gbàgbé. Ṣé kí n wá ṣe ohun tí mo torí ẹ̀ fẹjọ́ ẹ sùn?"

"Ẹ fẹjọ́ mi sùn, mo bínú, ó ti tán! Àbí torí kí n má bàa fi yín rẹ́rìn-ín lẹ ṣe fẹ́ jóná?"

"Garth, máa lọ sílé ẹ."

Ó wá gbé àga síwájú ọgbà náà, ó dé fìlà rẹ̀, ó jókòó. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti sún mọ́ ibẹ̀, orí àga yẹn ni yóò lọ.

Láàárọ̀ yìí mo gbé míìtì-páì lọ fún un. Mo bá a níbi tó ti ń fi rọ́bà fọ́n omi sí ọgbà náà. Ó ní bó bá ti tutù kò lè jó, pé ojoojúmọ́ lòun ń ṣe é láti ọjọ́ Ìsìnmi. Ooru yìí kò tilẹ̀ jẹ́ kí omi náà pẹ́ lára igi, ó ń gbẹ lójú wa. Mo tẹ̀ lé rọ́bà gba ẹnu ọ̀nà ọgbà wọlé, mo rí i pé láti ara pọ́ǹpù ló ti ń bọ̀. Mo kan táǹkì níbi tó ga tó àyà mi, ó dún gbọ́ngbọ́n. Mo kan án ní ìbàdí, bákan náà. Àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ dé ibi orúnkún kí ohùn rẹ̀ tó yí padà.

Mo ní, "Bàbá, omi tẹ́ ẹ fẹ́ fi gba ilé là lẹ ń dà sára ọgbà!"

Ó ní, "Òjò á rọ̀."

"Òjò wo, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́?"

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Warrick ti sọ fún gbogbo wa pé afẹ́fẹ́ gbígbóná láti àríwá ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, irú èyí tó gbé iná wá lọ́dún tó kọjá, àti pé kí ilé kọ̀ọ̀kan kúrò kó tó di ọjọ́rú. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi létí òkun ni èmi àti Des ń lọ. Bàbá ní òun àti pọ́ǹpù òun ò lọ síbì kankan.

Ibẹ̀ ni mo ti purọ́, ọ̀rẹ́ mi, má bínú. Mo ní o pè mí lánàá, pé ìwọ lo ní kó tú ọgbà náà kó sì tẹ̀ lé wa. Ó pa omi. Ojú rẹ̀ tàn lọ́nà tí mi ò rí rí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Coralie ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni o."

"Báwo ló ṣe sọ ọ́? Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

Mo ní, "Ó ní, 'Bá mi sọ fún Bàbá mi kí wọ́n má dúró síbẹ̀ o.'"

Ó wò mí títí. Ó ní, "Kò pè ẹ́, Nerida. Clem ni ọmọ yẹn ń pè mí, láti ìgbà tí ìyá ẹ̀ ti kú." Ó sì ṣí omi padà.

Mo mọ ìdí tí o fi ń pè é lórúkọ. Èmi náà wà níhìn-ín, mo rí bí a ṣe ń ti ìyá rẹ nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn gba ẹ̀yìnkùlé nínú ẹrẹ̀, torí pé Bàbá kò gbà kí wọ́n kọ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Òfin ni. Ọjọ́ tí a fẹ́ lọ sin ín nìkan ni Mama gba ìlẹ̀kùn iwájú jáde. Mi ò ní kí o gbàgbé, mi ò sì ní kí o dárí jì í. Èmi fúnra mi ṣì ń bínú sí i.

Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà yìí bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, jọ̀wọ́ gun òkè tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́. Má pè mí, òun ni kí o pè. Bí o bá fẹ́ bú u, bú u. Bí o bá fẹ́ sunkún, sun ún. Ṣáà kọ́kọ́ pè é ní Bàbá.

Kí Tamsin fún mi, sọ fún un pé mo ń retí rẹ̀ nígbà ìsinmi. Des ti ń kó ẹrù wa sínú ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má gbé ohunkóhun sórí ìjókòó ẹ̀yìn.

                                        Èmi ni, aládùúgbò rẹ títí ayé,
                                        Nerida Jelbart.