Orúkọ Wo Ni Kí N Pè É?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni mí ní Ẹ̀pẹ́, ayọ̀ mi ò ṣeé pa mọ́ra! Lánàá, níbi tí a ti ń yan ẹja, a gbọ́ Ààrẹ lórí rédíò. Ó sọ fáwọn aṣòfin pé ogun ti parí, owó tí wọ́n ń ná sí i á di ti ilé ìwé àti ọsibítù. Mo jó, mo yọ̀.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, o ti fún gbogbo ọkọ rẹ nílé yìí lórúkọ. Kí lo máa pe àkọ́bí mi tó bá ti ogun dé?"

Ó pẹ́ tí a ti gbúròó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí gbẹ̀yìn. Ọkọ mi kàn ń wo èéfín.

Bí mo bá dákẹ́, ìyá ọkọ mi á mọ̀ pé mi ò retí rẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí n pè é?