Láínìn Ojú Ọ̀tún Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta
Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Awọ ẹ̀yìn ojú ọ̀tún ló ṣí kúrò níbi tó lẹ̀ mọ́, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ padà. Ìdojúbolẹ̀ ni mo wà látàárọ̀ — afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sínú ojú ló máa tì í kó lè mú. Ọrùn fẹ́ pa mí. Àbúrò mi obìnrin ń bọ́ mi bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá
Wọ́n ya fọ́tò inú ojú. Dókítà ní awọ kan tún wà lábẹ́ èyí tí wọ́n lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló kún inú rẹ̀, òun ló ń bọ́ tòkè. Ó wú. Ó ní kí n má fòyà, ó máa ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Mo ní ṣé bí láínìn lábẹ́ kóòtù ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Láínìn ni mo wá ń pè é.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Láínìn, jọ̀ọ́. Mo bẹ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún
Wíwú Láínìn ti ń lọ sílẹ̀. Inú Dókítà dùn. Tèmi náà dùn — àfìgbà tí mo wo férémù ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo di ojú òsì: ó tẹ̀ láàárín. Mo di ọ̀tún: ó tọ́. Mi ò sọ fún un. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń gé aṣọ, ojú ọ̀tún ni mo fi ń wo ìlà, màá di òsì. Mi ò lo pátánù, bébà tí wọ́n ń tò sórí aṣọ kí wọ́n tó gé e, rí. Mo tiẹ̀ máa ń fi àwọn tó ń lò ó ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Alákàn ní méjì tó dáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n
Mo gé gáùn tí àbúrò mi máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tuntun. Ó ní kí n má yọra mi lẹ́nu, mo ní kó panu mọ́. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, mo di òsì bó ṣe mọ́ mi lára, ó wọ́. Mo tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tó tọ́, mo gé e. Mo rán an títí di ìrọ̀lẹ́. Ó wọ̀ ọ́ wò, ó ní, “Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi.” Ó tètè sọ ọ́ jù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin
Ayé sú mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ keje
Wíwú Láínìn ti lọ tán, ṣùgbọ́n kò dúró níbi tó yẹ kó dúró. Ó ti tín-ín-rín ju ti ojú òsì lọ. Mo wá jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ férémù. Dókítà tún wo fọ́tò inú ojú náà. Ó ní, “Mà, ẹ ò ní fọ́jú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń wọ́ lójú yẹn, bóyá ló fi máa tọ́ mọ́.”
Nínú ọkọ̀, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ
Àbúrò mi ti ibi iṣẹ́ dé. Mo ní kó dúró síwájú fèrèsé, kó má mira. Gáùn yẹn ló wà lọ́rùn rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì rèé tó ti ń wọ̀ ọ́ láàárín èèyàn.
Mo di ọ̀tún. Etí ìsàlẹ̀ dagun, ẹ̀gbẹ́ kan yọkùn. Ìlà tí mo kọ́kọ́ fà lọ́jọ́ yẹn tọ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi wọ́ ọ, kí ojú tó bàjẹ́ lè gbà pé ó tọ́. Àbúrò mi mọ̀ látọjọ́ kìíní. Mo ní kí ló dé tó ń wọ̀ ọ́? Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ rán an.”
Mo di òsì. Gáùn náà tọ́ gbọọrọ lára rẹ̀. Mi ò rán aṣọ tó tọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ó ní ṣé kí òun máa lọ, mo ní kó dúró díẹ̀ sí i. Mi ò fẹ́ la ojú òsì mọ́.