Orí Ọkọ Ìyàwó àti Kátúùnù Tí Mò Ń Wò

Káfíńtà, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ lọ́hùn-ún. Mo ní ìrètí pé ara rẹ le, pé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí ò ń lọ ti fi ọ́ sílẹ̀, àti pé àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ ń jẹ́ kí o sinmi. Ara tèmi náà le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọkàn mi ni kò le.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O dúpẹ́ nínú rẹ̀ pé mo bá ọ ṣọ́ ilé rẹ nígbà tí o kò sí níbẹ̀, pé bí kì í bá ṣe tèmi ni, ẹ̀ bá ti fa ọmọ yín lé alárùn lọ́wọ́. Mo kà á tán, mo ká a, mo fi í sábẹ́ àpótí kílípà tí mo fi ń gẹrun kí ìyàwó mi má bàa rí i. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun. Ọ̀rẹ́ mi, ọkọ àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ kò ní làpálàpá lórí. Kò ní i rí. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn. Jọ̀wọ́, jókòó kí n sọ bó ṣe jẹ́, má sì rẹ́rìn-ín títí wàá fi kà á tán.

O mọ tẹlifíṣọ̀n tí mo gbé kọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí ní ṣọ́ọ̀bù. Nítorí àwọn ọmọdé ni. Ọmọ tó bá gbọ́ ìró kílípà á figbe ta, ṣùgbọ́n bí kátúùnù bá ti wà níwájú rẹ̀, o lè fá a lórí bí ẹni ń fá igbá, kò ní mira. Èmi kì í wò ó tẹ́lẹ̀. Orí tó wà lọ́wọ́ mi ni mo máa ń wò. Àfi lọ́jọ́ tí ọmọ kékeré kan ń sunkún lórí àga, tí mo rò pé mo ti gé e létí. Ó ní rárá o, Aláago ló gbàgbé ohùn ìyá rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ẹni tí Aláago jẹ́ fún ọ. Ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe ni, tí àdúgbò rẹ̀ kò kà sí. Ṣùgbọ́n bó bá ti fi àtàǹpàkò kan ojú aago báyìí, gbogbo ayé á dúró sójú kan, ẹyẹ á dúró lófuurufú, òun nìkan ni yóò máa rìn, tí yóò máa yọ èèyàn nínú iná àti nínú omi. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń gbàgbé nǹkan kan nínú ayé ara rẹ̀, kò sì ní í rántí rẹ̀ mọ́ láéláé. Káfíńtà, ta ló ń kọ irú èyí fún ọmọdé? Mo ní kí ọmọ náà sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo gẹ irun rẹ̀ tán, kò tíì sọ ọ́ tán, ni mo bá ní kó dúró kí n bá a tún ẹ̀gbẹ́ etí ṣe, etí tí kò sí nǹkan tó ṣe é.

Bó ṣe wọ̀ mí lára nìyẹn. Kò pẹ́ tí mo fi ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kí àwọn ará àdúgbò tó jí, kì í sì í ṣe nítorí iṣẹ́. Mo mọ orin rẹ̀ lórí. Mo ra ife tí àwòrán Aláago wà lára rẹ̀, mo fi í pamọ́ sẹ́yìn ìgò sípíríìtì. Bí mo bá ti gbúròó bàtà àgbàlagbà lẹ́nu ọ̀nà, mo ti yí i sí ìròyìn, màá wá máa mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ìlú ń dùn. Ìyàwó mi bá mi lọ́jọ́ kan tí omijé ń dà lójú mi, mo ní irun ló kó sí mi lójú. Ó sì bá mi fẹ́ ẹ. Èmi, alága ẹgbẹ́ onígbàjámọ̀, ẹni tó ń parí ìjà fún àwọn baálé ilé! Mo ní ikú yá ju ẹ̀sín.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan sí ìgbéyàwó nígbà tí ọkọ àfẹ́sọ́nà ọmọ rẹ wá gẹrun. Ó ní kí n gé e mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí n tọ́ iwájú rẹ̀, kó lè ṣe é wò nínú fọ́tò. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ń ṣe apá tó kẹ́yìn nínú kátúùnù Aláago. Mo pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, mo ṣe bí ẹni tó kàn gbàgbé rẹ̀ sí títàn. Ọmọ Aláago ló ṣubú sójú irin, ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀, bàbá rẹ̀ sì mọ̀ pé bí òun bá tún fọwọ́ kan aago, ọmọ yẹn gan-an ni òun máa gbàgbé. Ó na ọwọ́. Bó ṣe nà á ni èmi náà na tèmi, kílípà sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí màá wo ìsàlẹ̀, ọ̀nà kan ti là gbọọrọ láti iwájú orí ọkọ ìyàwó dé àtàrí, o lè ti kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀?" Gbogbo ohun tí mo ní í sọ kò ju pé, "Ọmọ mi, má bínú, kátúùnù ni mò ń wò." Ẹnu mi kò gbé e. Ohun tó jáde ni, "Dúró jẹ́ẹ́. Làpálàpá ni mo rí, mo ní láti fá gbogbo rẹ̀." Ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó sọ fún ọmọ rẹ, torí pé olóòótọ́ èèyàn ni. Ọmọ rẹ sọ fún ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, mo tún láǹfààní láti sọ òótọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan jókòó tí wọ́n ń dúró de kílípà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó pọ̀?" Mo ní ó ti dé ìpàkọ́. Mo tún ní irú rẹ̀ máa ń wà nínú ìdílé nígbà mìíràn. N kò mọ ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu. Wọ́n dá ìgbéyàwó dúró, àwọn ẹbí rẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìran ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ló sì wọ́ ọ.

Láàárọ̀ yìí, ọkọ àfẹ́sọ́nà náà wá. Ó dé fìlà. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó ní òun kò fẹ́ jókòó lórí àga kí òun má kó o ran ẹlòmíì. Láti ọjọ́ yẹn kò tíì dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ, kó má bàa ràn án. Ó ṣí fìlà kí n bá òun wò ó bóyá ó ti ń san. Oògùn tó ń fi pa á ti bó o lórí, orí tí nǹkan kan kò ṣe tẹ́lẹ̀. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ká ní ó gbá mi létí ni, ara ì bá tù mí. Ó ní, "Bàbá, mo rí yín nínú dígí. Mo rí i pé tẹlifíṣọ̀n lẹ̀ ń wò nígbà tí ọwọ́ yín lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ní làpálàpá ni. Mo ní àgbà bíi tiyín ò lè purọ́ mọ́ mi, ojú mi ló tàn mí." Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó kí mi pé ó dàbọ̀.

Mò ń lọ bá ìyàwó rẹ àti àwọn ẹbí yín nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n wọ́n lè rò pé ọkọ àfẹ́sọ́nà náà ló bẹ̀ mí kí n wá yí ohùn padà. Nítorí náà, ìwọ tí o jẹ́ olórí ilé, nígbà tí o bá dé, ka lẹ́tà yìí sí wọn létí. Jọ̀wọ́, má fo ibi kátúùnù nítorí àtibo àṣírí mi. Bí o bá fò ó, wọn yóò máa béèrè ohun tó mú mi purọ́, orí ọmọ yẹn náà ni ìfura yóò tún padà sí.

Kí Ọlọ́run mú ọ dé láyọ̀. Kò ní jẹ́ kí ojú ti ilé rẹ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn mọ́. Ìgbéyàwó tí mo fọwọ́ bà jẹ́, Ọlọ́run yóò jẹ́ kó ṣojú wa ní àṣeyọrí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, bí o bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀,
Onígbàjámọ̀.

Àfikún: N kò tíì lẹ lẹ́tà yìí tí mo fi lọ, mo sì ti dé. Mo dúró ní pálọ̀ rẹ, mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, títí kan ẹkún tí mò ń sun nítorí Aláago. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ nìkan ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹni tí wọ́n yà sórí ìwé lẹ sunkún fún. Ẹ ò wá rí omijé kankan fún ọkọ mi?" Ó wọ bàtà rẹ̀, ó ń lọ bá a.