Ìlẹ̀kùn Píkọ́ọ̀pù Láwàní

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi. Èmi Sàlíù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ìdálẹ̀ Tàmálè níhìn-ín. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ràmọ́tà, tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Kó má fo ibì kankan o, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí.

Ọyẹ́ ti la gbogbo wa ní ètè, ṣùgbọ́n ara le, iṣẹ́ ń lọ. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń lu ara ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ní àdúgbò Nyohini. Títí di òní, n kò ní ju kẹ̀kẹ́ ológeere lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Láwàní fi dùn mí.

Ọmọ Yorùbá ni, ibí ni wọ́n bí i sí. Télọ̀ ni. Kò kọ́ iṣẹ́ irin lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Píkọ́ọ̀pù tí bàbá rẹ̀ kú fi sílẹ̀ wà ní àdúgbò Gumani lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ó ti dógùn-ún débi pé koríko ń hù gba inú rẹ̀ jáde. Láwàní ra àgbá epo, ó là á, ó tẹ́ ẹ. Ó fi páálí gé àwòṣe bí ẹni tó fẹ́ rán agbádá, ó wá ń lu páànù lórí kùkùté igi. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi: páànù tó bo táyà iwájú bá ara ọkọ̀ mu rẹ́gí! Àwọn tó ń gun alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í dúró wòran. Oníbàárà mi kan bi mí bóyá mo lè ṣe irú rẹ̀. Èmi! Oúnjẹ ò wọlé fún mi lọ́jọ́ náà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá rẹ̀. Ohunkóhun tí Láwàní bá ti ṣe tán, ìyá náà á ti àdúgbò Kanvili wá, á jókòó sínú ọkọ̀, á ní ó rọ òun lọ́rùn. Ńṣe ni mo máa ń yíjú síbòmíràn.

Lọ́jọ́ kan Láwàní wá bá mi, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, dọ́n Allah, nítorí Ọlọ́hun, ẹ bá mi wo ìlẹ̀kùn yìí.” Mo rí i pé ibi tó de ìlẹ̀kùn mọ́ fẹ́lẹ́ jù, ó yẹ kó fi irin tì í lẹ́yìn. Síbẹ̀, mo ní ìlẹ̀kùn náà dáa.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí mọ́sálásí. Wọ́n bọ́ sí kòtò, ìlẹ̀kùn já, ìyá náà bá a ṣubú sójú títì. Bí mo ṣe gbọ́ ni mo sáré lọ. Igbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó, Ọlọ́hun ló yọ ọ́. Láwàní tún ń tù mí nínú, ó ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Mo ní mo mọ̀. Mo ní ìlara ni kò jẹ́ kí n sọ.

Ìyá rẹ̀ ló wò mí, ó ní: “Ìwọ tí o mọ iṣẹ́ jù ú lọ, kí lo wá ń jowú sí?”

Ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ìdáhùn rẹ̀ fún: kì í ṣe ọkọ̀ ni mo ń jowú rẹ̀. Ó ní ìyá tó ń wá wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ò rí tèmi rí.

Mo fi irin ti ìlẹ̀kùn náà lẹ́yìn, mo sì fi iná jó o mọ́ ara ọkọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni Láwàní kò fi dá mi lóhùn nígbà tí mo bá kí i. Lọ́jọ́ kẹrin, ó gbé agolo ọ̀dà wá, ó ní kí n bá òun kun ìlẹ̀kùn náà. Lánàá wọ́n gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, ìyá rẹ̀ juwọ́ sí mi. Mo juwọ́ padà. Ó ṣì ń ta mí lára, Màámi. N kò ní purọ́ fún yín.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ọmọdé àtàgbà. Kí Ọlọ́hun fún yín lẹ́mìí gígùn àti ẹsẹ̀ tó lè rìn dé Tàmálè.

Èmi ni,
ọmọ yín,
Sàlíù.