Aṣọ Ọmọ Ọba Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà Ọkọ̀

Floyd, Ọjọ́rú.

Ìtùnú ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ìyá rẹ tó ń ka lẹ́tà yìí sí ọ létí, nítorí mo mọ̀ pé Yorùbá tìrẹ ò tíì kọjá orúkọ oúnjẹ. Ṣé ara le ní Carrollton? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ mi nínú ọgbà ìjọ níbí yóò máa ṣọ́ ẹ̀yin náà. Koríko tí mo gé lọ́sẹ̀ tó kọjá ti tún hù, màlúù aládùúgbò sì ti já wáyà wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Àlàáfíà ni.

Ìyá rẹ sọ fún mi lórí fóònù pé o sunkún. Ó ní Sharon ọmọ kíláàsì rẹ ti ra aṣọ ọmọ ọba tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń dán yinrin, ìwọ náà sì fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù fún eré ilé ìwé yín ní ọjọ́ Ẹtì. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ tí mo ń rán fún ọ ti parí.

Fíìmù tí o ní kí n wò, mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà, mò ń dá a dúró kí n lè ka ìṣẹ́po aṣọ náà. Irọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Obìnrin kan ju ọwọ́, aṣọ dé ara ọmọ, kò fi téèpù wọn ọmọ náà, kò bi í bóyá ó fún un lábíyá. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ ní Ìgbòho, ẹ ò lè fi ìyẹn tàn mí. Èjìká ọmọ ọba náà tún wà níta, mo rò pé aṣọ ló tán mọ́ wọn lọ́wọ́, mo bá fi apá sí tìrẹ. Mo fi àpò sí i. Ìyá rẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo lo máa wọ̀ ọ́, mo ní ta ló ń ránṣọ fún ọjọ́ kan? Mo ká ìṣẹ́tí rẹ̀ sínú ní àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí o máa tú u bí o ṣe ń ga. Kó lè fẹ̀ dáadáa, mo ki rọ́bà tí mo fi ń bomi rin koríko bọ etí rẹ̀ yíká.

Lánàá mo fi páálí fíríìjì gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ bi mí pé èló ni aṣọ náà. Mo ní kì í ṣe títà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kàn fẹ́ kọ iye rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù ni. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ mi ló ni ín. Ó tún béèrè. Ẹni tó bá béèrè iye nǹkan lẹ́ẹ̀mejì ti fẹ́ rà á nìyẹn, mo bá gbé páálí mi, mo bá tèmi lọ.

Adédàpọ̀ tó ń wakọ̀ fún ìjọ ló máa gbé e wá lọ́la, òun àti lẹ́tà yìí. Nígbà tí a dán an wò láàárọ̀ yìí tí kò gba ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ rẹ̀, ó ní Fọláránmi, ṣé aṣọ lo rán ni àbí àgọ́, kí a kó ẹgbẹ́ akọrin sábẹ́ rẹ̀? Mo ní kó yé pariwo, kó lọ mú ọkọ̀ akẹ́rù wá. Kí ìyá rẹ jọ̀ọ́ fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, abẹ́rẹ́ máṣíìnì mẹ́ta ló kán lórí aṣọ dídán tí mo fi rán an.

Ìtùnú, ẹkún rẹ dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Wọ èyí lẹ́ẹ̀kan níwájú dígí, kí o yí po. Bí o bá ṣì fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù, kí ìyá rẹ rà á fún ọ, mi ò ní bínú. Màá wá ní ọjọ́ Ẹtì, iwájú pátápátá ni màá jókòó sí. Ìwọ ni mo ń bọ̀ wá wò.

Ojú ò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ láéláé.

Èmi bàbá rẹ,
Fọláránmi.